Bí wọ́n ṣe ń kọ orin fún akọrin mìíràn: láti orí bíìtì dé orí ìwé ìpín

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà, "kọ", ni à ń lò fún ẹni tó ṣẹ̀dá orin àti ẹni tó fi ẹnu gbé e jáde. Bóyá ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbà pé ẹni tí ohùn rẹ̀ ń dún lórí rédíò ló ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú orin náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa ń rí. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ orin tí à ń jó sí níbi ìnáwó, èèyàn méjì, mẹ́ta tàbí márùn-ún ló jókòó tì í títí ó fi délẹ̀. Nígbà tí Rihanna kọ orin fún fíìmù Black Panther kejì ní 2022, Tems, ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn mẹ́rin tó ṣẹ̀dá rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì ní ibi tó ti máa ń bàjẹ́.

Bíìtì ló sábà máa ń ṣáájú. Prodúsà á to ìlù, béèsì àti dùùrù díẹ̀. Ó lè má ju báà mẹ́jọ tó ń yípo lọ. Báà kan jẹ́ kíkà mẹ́rin. Orin tí à ń pè ní Afrobeats sábà máa ń wà láàárín kíkà 95 sí 115 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ló sì ń pinnu iye ọ̀rọ̀ tí ìlà kan lè gbà. Ẹni tó ń kọ orin kò tíì mú bírò ní àkókò yìí. Á tan rẹ́kọ́dà fóònù, á sì máa fi ìró lásán tẹ̀lé bíìtì: "la-ye-o, na-na-ẹ, ṣo-lo-lo." Kò nítumọ̀, kò sì yẹ kó nítumọ̀, torí bí ọ̀rọ̀ bá tètè dé, ìtumọ̀ ni ọkàn á máa lé kiri, etí ò ní gbọ́ ohùn mọ́. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á gbọ́ ọ padà. Ohùn méjì tàbí mẹ́ta péré ló máa ń ṣẹ́kù. Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ èyí tó dára nínú wọn ni kí gbogbo ilé jáde lọ jẹun: èyí tí ẹnì kan bá ń kùn lẹ́nu bó ṣe ń padà bọ̀ ni húùkù, ìyẹn ibi tí orin máa ń padà sí, tí kì í kúrò létí.

Wọ́n tún máa ń kíyè sí fáwẹ́lì tó wà níbi tí ohùn ti ga tàbí tó ti gùn. "A", "o" àti "ẹ" máa ń la ẹnu sílẹ̀. "I" àti "u" máa ń fún ọ̀fun pa bí ohùn bá lọ sókè. Bó bá jẹ́ "a" ni ẹnu fúnra rẹ̀ yàn níbẹ̀, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tó máa rọ́pò rẹ̀ ní "a" tàbí ìró tó sún mọ́ ọn. Orin tó dùn nígbà tí kò lọ́rọ̀, tó wá ṣá lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ wọ inú rẹ̀, ibí ni àléébù rẹ̀ sábà máa ń wà.

Fún ẹni tó ń fi Yorùbá kọ, ibi tó le jù ṣì wà níwájú, torí ọ̀rọ̀ wa ti ní orin tirẹ̀ kí prodúsà tó dé. Ká mú húùkù kan tí ohùn rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀, mí-re-dò. "Ó ga jù" á jókòó sórí rẹ̀ láìyẹ̀, torí bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ká wá mú òmíràn tó ń lọ re-dò-re. Bí wọ́n bá fi "ọkọ mi" sí i, ohùn re ni sílébù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n orin á fa èyí tó wà láàárín wálẹ̀, "ọkọ̀ mi" ni olùgbọ́ á sì gbọ́. Obìnrin tó ń yin olówó orí rẹ̀ á wá dà bí ẹni tó ń yin mọ́tò. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀. Wọ́n lè tẹ́ ohùn náà pẹrẹsẹ, tàbí kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó ní re-dò-re nínú. "Ayọ̀ mi" ní in: ohùn orin kò yí padà, ìfẹ́ inú rẹ̀ kò sì sọ nù. Irú ìpààrọ̀ kékeré báyìí lè jẹ odindi ọ̀sán, òun gan-an sì ni iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ pe èèyàn.

Kò pọn dandan kí àlàfo tó wà láàárín ohùn orin bá ti ọ̀rọ̀ ẹnu mu rẹ́gí. Ibi tí ohùn kọjú sí ló ṣe pàtàkì: bí ọ̀rọ̀ bá ń gòkè, kí orin má ṣe sọ̀kalẹ̀. Ohùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Èyí tó bá gba òdìkejì lọ ló ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Àwọn ìjọ Ọlọ́run ti bá ọ̀ràn yìí fà á tipẹ́, láti ìgbà tí wọ́n ti túmọ̀ orin ìsìn Òyìnbó tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ ohùn Òyìnbó. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá, wà lára àwọn tó kọ orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ lọ. Ní 1922, wọ́n gba orin rẹ̀ sílẹ̀ sórí àwo ní London. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ohùn ṣe ń gbọ́ràn sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kó lọ gbọ́ wọn. Lónìí, àwọn mìíràn máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì dí ibi tí Yorùbá bá ti ṣoro. Kò burú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bó bá di pé gbogbo ibi tó le ni Gẹ̀ẹ́sì ń gbà, orin náà á fúyẹ́.

Àkókò náà ní ìṣirò tirẹ̀. Spotify kì í ka gbígbọ́ kan sí gbígbọ́ àyàfi tó bá dé ìṣẹ́jú-àáyá 30. Bí bíìtì bá jẹ́ kíkà 100 ní ìṣẹ́jú, báà kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 2.4. Báà 4 láti ṣí orin, báà 8 fún ẹsẹ kìíní, húùkù á wọlé ní 28.8. Bí ẹsẹ náà bá jẹ́ báà 16, húùkù di 48, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń yún ti fò ó kọjá. Ohun tó fà á nìyí tí ọ̀pọ̀ orin fi ń fi húùkù gan-an bẹ̀rẹ̀.

Ẹsẹ kejì ló ń pa orin jù. Lẹ́yìn húùkù àkọ́kọ́, ẹni tó ń kọ ọ́ ti sọ ohun tó ní, á wá máa fi ọ̀rọ̀ tuntun tún ẹsẹ kìíní sọ. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni kó yí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ padà, tàbí kó yí àkókò padà: bí ẹsẹ kìíní bá sọ ohun tí ojú rí lálẹ́ àná, kí èkejì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Nígbà tí orí bá dí pátápátá, jíjókòó pẹ́ kì í sábà ṣí i. Ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ìgboro sí ló máa ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu kọ̀ndọ́, lẹ́nu ìyá ọlọ́jà, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń jà. Àfi kí wọ́n ṣọ́ra fún àṣà tó ń jà lọ́wọ́lọ́wọ́. Orin lè jókòó sínú kọ̀ǹpútà fún ọdún kan kó tó jáde, àṣà náà á sì ti kú.

Ẹnu ẹlòmíràn ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ohùn akọrin náà dé nísàlẹ̀ àti lókè. Bí húùkù bá dúró síbi tó ga jù tó lè dé, á rí i gbà nínú sítúdíò lẹ́yìn ìgbìyànjú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n lórí ìtàgé, lẹ́yìn tó ti jó fún wákàtí kan, kò ní dé ibẹ̀. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí kò ní sọ. Orin tó dára tí akọrin kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí sí á padà wá, ọ̀pọ̀ sì ló ń padà wá.

Kí orin tó jáde, wọ́n á tún wò ó bóyá ó ti wà níbòmíràn. Ọpọlọ máa ń tọ́jú ohùn orin tí èèyàn ti gbọ́, á sì gbé e padà fún un bí ohun tuntun. Ní 1976, ilé-ẹjọ́ kan ní New York dá George Harrison, ọ̀kan lára àwọn akọrin Beatles, lẹ́bi pé ó kó ohùn orin ẹlòmíràn láìmọ̀ọ́mọ̀. Wọ́n máa ń kọ húùkù náà sétí ẹni méjì tí kò sí nínú yàrá, wọ́n sì lè kùn ún sí Google, tó lè fi kíkùn lásán wá orin.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kàn. Nǹkan méjì ló wà nínú orin kan: orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn, àti ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò. Ti lébẹ̀lì, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, ni èkejì sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó kọ orin, àkọ́kọ́ ni tirẹ̀, ìwé ìpín ló sì ń sọ ìdá mélòó tó ní. Orúkọ ìjọba ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe orúkọ ìnagijẹ, pẹ̀lú nọ́ńbà IPI oníkálukú, tí wọ́n fi ń dá ẹni tó kọ orin mọ̀ káàkiri àgbáyé, ẹgbẹ́ tó ń gba owó fún un, ìpín rẹ̀, ọjọ́ àti ìfọwọ́sí. Àpẹẹrẹ: prodúsà 50, akọrin 20, àwọn méjì tó kọ ọ̀rọ̀ 15-15. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 100. Bí ẹnì kan bá lọ forúkọ 30 sílẹ̀ dípò 15, àròpọ̀ á di 115, wọ́n sì lè dá owó dúró títí ìjà fi parí. Àkọlé náà máa ń dá wàhálà sílẹ̀: orin tí wọ́n pè ní "Bíìtì Tuesday 3" ní sítúdíò jáde pẹ̀lú orúkọ mìíràn, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe lórí ìwé.

Alẹ́ tí orin parí ni wọ́n ń fọwọ́ sí i. Bó bá di ọ̀sẹ̀ tí orin gbóná, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá á rántí pé òun dá ọ̀rọ̀ kan. Èyí tó dunni jù ni ti ẹni tí wọ́n fún ní owó ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan. Òfin Copyright Nàìjíríà ti 2022 ní ẹ̀tọ́ kò lè kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín sọ́wọ́ ẹlòmíràn láìsí ìwé. Ẹ̀tọ́ náà sì wà títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ orin; ogún ọmọ ni.

Láti ibẹ̀, ẹgbẹ́ agbowó ni ọ̀nà: MCSN ní Nàìjíríà, PRS ní Britain, ASCAP tàbí BMI ní Amẹ́ríkà. Owó wọn ń wá láti rédíò, tẹlifíṣọ̀n, òde orin àti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti àwo àti ìgbàsílẹ̀ yàtọ̀: ní Amẹ́ríkà, sẹ́ǹtì 9.1 ni òfin ní kí wọ́n san lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan láti 2006, ó di 12 ní 2023. Lórí sẹ́ǹtì 12 ti 2023 yẹn, ẹni tó ní ìpín 15 gba sẹ́ǹtì 1.8, ìyẹn dọ́là 180 lórí ẹ̀dà 10,000; iye náà ti ga sí i láti ìgbà náà. PRS ń pín owó lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, ṣùgbọ́n owó ilẹ̀ òkèèrè máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí kì í gbé owó ilé oṣù yìí lé orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Àti fáìlì inú fóònù yẹn, "la-ye-o" àkọ́kọ́, wọn kì í pa á rẹ́. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí lórí rẹ̀, sí ibi méjì ó kéré tán, torí bí ẹnì kan bá sọ lọ́la pé òun ló dá ohùn náà sílẹ̀, òun ni wọ́n máa gbé jáde.