Bíbẹ̀rẹ̀ ni Ìbẹ̀rẹ̀ Rẹ̀: Bí A Ṣe Dé Ibi Fífi Iná Yẹ Ẹ̀yìn Ọmọ Wò

Nígbà míì, tẹ́lọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rí i. Ó wọn ọmọ dáadáa, ó rán gáùn tán, ọmọ wọ̀ ọ́, ìsàlẹ̀ gáùn gùn lápá kan ju apá kejì lọ. Ìyá tó bá wà ní Adó-Èkìtì á ní tẹ́lọ̀ ò mọṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èjìká ọmọ ni kò dọ́gba, torí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti wọ́, ó sì ń lọ́ bó ṣe ń wọ́. Kì í ṣe iké o. Scoliosis ni àwọn dókítà ń pè é, báàgì ìwé tàbí ẹrù orí kọ́ ló sì ń fà á.

Lónìí, ẹ̀rọ kan wà tó ń tan iná sẹ́yìn ọmọ. Kámẹ́rà á yà á, kọ̀ǹpútà á sì fi ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀ hàn. Tí a bá tọ ẹ̀rọ yìí dé gbòǹgbò, bíbẹ̀rẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọdún 1852 ni Gideon Mantell kú ní London. Dókítà ni, òun ló sì sọ Iguanodon lórúkọ, ọ̀kan nínú àwọn ẹran ràbàtà ayé àtijọ́ tó ti run. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀yìn fi dà á láàmú, àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ò sì rí ìdí rẹ̀. Ẹni tó fi ayé rẹ̀ wá egungun kiri inú òkúta, egungun tirẹ̀ ni wọn ò rí! William Adams ló la òkú rẹ̀, tó rí i pé ọ̀pá ẹ̀yìn náà wọ́, ó sì lọ́. Lílọ́ yẹn ni kókó. Egungun tó bá lọ́ á ti ìhà sókè lápá kan. Bí èèyàn bá dúró ṣánṣán, ó lè má hàn. Tó bá bẹ̀rẹ̀, àṣírí tú. Adams gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé ní 1865, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe àyẹ̀wò bíbẹ̀rẹ̀ náà títí dòní.

Ní 1895, Röntgen ṣàwárí X-ray ní Jámánì, a wá ń rí egungun fúnra rẹ̀. Ní 1948, John Cobb, ará Amẹ́ríkà, kọ́ni bí a ṣe ń wọn wíwọ́ náà ní dígírì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣì ń dàgbà, wọ́n á yà á lónìí, wọ́n á tún yà á lámọ̀dún. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2000 tọpa àwọn obìnrin tó lé ní 5,000 tí wọ́n yà báyìí, nǹkan bí ìgbà 25 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Jẹjẹrẹ ọmú pa wọ́n ju àwọn obìnrin yòókù lọ.

Kí ìwádìí yẹn tó jáde ni àwọn kan ti padà sídìí iná lásán. Ẹ ṣẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn po sí méjì, ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀: ẹ ó rí ìlà tó ń ṣe wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí omi. Moiré lorúkọ rẹ̀. Ní 1970, Takasaki ní Japan gbé àwo tó ní ìlà tín-ín-tín-ín síwájú èèyàn, ó tan iná gbà á kọjá. Òjìji ìlà àti ìlà fúnra rẹ̀ pàdé, wọ́n ya òbìrìkìtì sára ẹ̀yìn, bí èyí tí a máa ń yà sórí máàpù òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní kíláàsì jiógíráfì. Tí ti ọ̀tún bá bá ti òsì mu, ó dáa. Láàárín ọdún mélòó kan, ó ti wọ ilé ìwé ní Japan. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí ní Oxford ní England àti Münster ní Jámánì so iná títàn sẹ́yìn mọ́ kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà.

Awọ ara ni iná ń kà, kì í ṣe egungun. Ó lè dá ọmọ tí kò ní nǹkan kan dúró, X-ray ni yóò sì ṣe ìdájọ́.

Ní tèmi, kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó dé gbogbo ilé ìwé Ìjerò àti Ọ̀mùò, ìgbálẹ̀ wà nílé. Ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ àárọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ bí Adams ṣe fẹ́. Kó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, kó na orúnkún, kó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, kó tẹ̀ síwájú. Kí ìyá dúró lẹ́yìn rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ lóun náà, kó wo ìhà méjèèjì. Bí ọ̀kan bá yọ ju èkejì, kó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà egungun lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, torí ìgbà tí ọmọ ń yára ga ni ó máa ń wọ́ jù.