Bí DNA oníkọjá méjì ṣe dáyé

Ọwọ́ Ned Seeman lọ́rọ̀ DNA oníkọjá méjì, ìyẹn DNA méjì tí wọ́n so pọ̀ lójú méjì, ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kírísítálì ló ń ṣe ní yunifásítì kan ní Albany, l'Ámẹ́ríkà, kírísítálì ọ̀hún kì í sì í dì bó ṣe fẹ́. Lọ́dún 1980, ó lọ jókòó sílé ọtí inú ọgbà iléèwé, ló bá rántí àwòrán kan tí ayàwòrán Escher yà, tẹ́ja pọ̀ nínú ẹ̀ súà, tí wọ́n tò lókè nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó wá sọ sí i lọ́kàn pé téèyàn bá fi DNA ṣe oríta, tó so oríta mọ́ oríta, àwọn náà á tò bẹ́ẹ̀. Ọdún 1982 ló tẹ èrò yẹn jáde.

Àmọ́ oríta ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi DNA ṣe ò le rárá, ṣe lapá ẹ̀ ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìgbà tó di 1993 ni Fu àti Seeman gbé DNA méjì, tọ́kọ̀ọ̀kan jẹ́ okùn méjì tó lọ́ mọ́ra, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n jẹ́ kí okùn inú ọ̀kan kọjá sínú èkejì lójú méjì dípò ojú kan, ó bá dúró gbagidi. Àbúrò mi tó wà ní FUTA ò gbà, ni mo bá ra okùn lílọ́ méjì l'Ọ́jà Ọba níbí l'Ákúrẹ́, mo so wọ́n pọ̀ lójú kan, wọ́n ń yí lọ́wọ́ ẹ̀, mo so ojú kejì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti le o!"

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni pé èèyàn ò lè fi ojú ìkọjá síbi tó bá wù ú. DNA máa ń yí po lẹ́ẹ̀kan láàárín bíi bésì (lẹ́tà ara DNA) 10.5, okùn tó fẹ́ kọjá sì gbọ́dọ̀ kọjú sí DNA kejì lásìkò yẹn, ìdí tí wọ́n fi ń ka àbọ̀ ìyípo nìyẹn. Tí iye àbọ̀ tó wà láàárín ojú méjèèjì bá ṣeé pín sí méjì láìṣẹ́kù, E ni, tí ò bá ṣeé pín, O ni. Tókùn bá kọjá tó sì pẹ̀yìn dà, A ni, tó bá ń bá ọ̀nà ẹ̀ lọ, P ni. Tá a bá fi D, ìyẹn oníkọjá méjì, ṣáájú, ibẹ̀ la ti rí DAE, DAO àti DPE. DPO nìkan ló pín sí méjì, DPOW àti DPON, torí kòtò ara DNA, ọ̀kan fẹ̀ (W), ọ̀kan há (N). Àwọn oní-A ló dúró dáadáa jù, àwọn ni wọ́n sì gbájú mọ́.

Lọ́dún 1998, Winfree, Liu, Wenzler àti Seeman fi ẹnu tó ń lẹ̀ mọ́ra sí DAE àti DAO, wọ́n ń pè wọ́n ní táìlì, àwọn táìlì yìí sì tò fúnra wọn nínú omi di kírísítálì pẹrẹsẹ, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tó ń tọ́ ojú nǹkan wò ni wọ́n fi rí i, ìlà-ìlà kedere! Irú ìkọjá oní-A yìí náà ló kún inú DNA origami, ìyẹn ọgbọ́n kíká DNA di oríṣiríṣi àwòrán, tí Rothemund gbé jáde lọ́dún 2006.