Igi tí kì í wọ́wé náà ń wọ́wé

Ẹni tó bá fẹ́ gbin igi páìnì, sípírẹ́sì tàbí thuja síta sábà máa ń gbọ́ pé wàhálà wọn kò pọ̀, àti pé tẹ̀ẹ̀rùn tòjò ni ewé wọn ń tutù yọ̀yọ̀. Òótọ́ ni. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ewé kan kò ní bọ́ lára irú igi bẹ́ẹ̀ láéláé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí ewé pípọ́n nílẹ̀, àyà wọn á já, wọ́n á ní igi ti ń kú, wọ́n á sì sáré lọ pọn omi.

Kò sí ewé tí kì í gbó. Igi wọ̀nyí kàn kì í wọ́ ewé wọn tán lẹ́ẹ̀kan náà ni. Tuntun á ti yọ lẹ́nu ẹ̀ka kí ògbólógbòó tó bọ́. Ewé ọ̀pọ̀ páìnì máa ń lo bí ọdún 2 sí 4 lórí igi. Ti bristlecone, páìnì orí òkè California, lè lò ju ọdún 30 lọ, síbẹ̀ òun náà ń bọ́ níkẹyìn.

Ibi tí ewé ti ń pọ́n ni kí ẹ wò. Ẹ fọwọ́ ya ẹ̀ka sọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ inú lọ́hùn-ún, nítòsí ìtì igi, ló ti pọ́n, tí ẹnu ẹ̀ka ṣì tutù, igi ń pààrọ̀ aṣọ ni. Bó bá jẹ́ ẹnu ẹ̀ka ló ń gbẹ bọ̀ wá sínú, ìyẹn tó ohun tí à ń bẹ̀rù. Ẹ fi èékánná họ èèpo ẹ̀ka náà: bí abẹ́ rẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé tútù, ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀.

Omi tí wọ́n ń dà sí i láìnídìí yẹn gan-an ló máa ń pa á. Gbòǹgbò ń mí, ilẹ̀ tí omi bá rin gbingbin kì í sì ní afẹ́fẹ́ nínú, ló bá rà. Igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti rà kò lè fa omi mọ́, ewé rẹ̀ á wá máa gbẹ bíi ti igi tí òǹgbẹ ń gbẹ, ẹni tó ni ín á sì tún bu omi kún un. Bí thuja mi kan ṣe lọ nìyẹn, ó sì dùn mí. Nígbà tí mo hú u, gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó ń rùn, èèpo rẹ̀ ń ṣí mọ́ mi lọ́wọ́. Látìgbà náà, mo máa ń ki ìka bọ ilẹ̀ kí n tó bomi rin igi èyíkéyìí. Bí ilẹ̀ bá tutù dé oríkèé kejì, mo gbé omi mi padà.

Igi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn nìkan ni tirẹ̀ yàtọ̀. Ní ọdún kìíní sí ìkejì, gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì rìn jìnnà, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ gbẹ pátápátá. Ẹ má sì gbá ewé tó bọ́ yẹn dànù. Ẹ fi bo ilẹ̀ yí ìdí igi ká, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, kó má ṣáà ti kan ìtì.