Oje Ara Igi Kajú: Ẹ Má Tíì Fàdá Kàn Án

Bàbá àgbẹ̀ kan wá bá mi ní Àkúrẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Ó tú ọ̀rá tó mú dání: oje igi kajú ni, ó ti gbẹ, ó pọ́n bí oyin. "Ọ̀gá ágíríìkì, wọ́n ní owó wà nínú èyí. Báwo ni mo ṣe máa sá igi tó máa fi sun púpọ̀?"

Kí n tó dáhùn, mo ju ègé kan sínú omi. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, ó ti wú, ó ń yọ́. Oje tó bá kọ omi, tó sì ń gbaná bí ìtùfù, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo rí ìyẹ̀fun igi nínú rẹ̀, bí èyí tó ń dà lẹ́nu ayùn káfíńtà.

"Bàbá, ta ló sá igi yín?"

"Ẹnikẹ́ni ò sá a. Fúnra rẹ̀ ló ń sun."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ìnira ló ń mú igi sun oje: ọgbẹ́ ọ̀bẹ, ọ̀dá, tàbí kòkòrò tó ń gbẹ́ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti igi mesquite ẹlẹ́gùn-ún ilẹ̀ Mẹ́síkò, àti igi gum arabic tí wọ́n ń bó lẹ́ẹ̀rùn ní Yobe àti Borno.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó fi ọ̀bẹ mímú bó èèpo nìkan, fífẹ̀ ìka méjì, kó má kan igi inú. Ẹ má bó o yíká o. Inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé sè ń gbà dé gbòǹgbò. Kí oje lè sun púpọ̀, àwọn kan ń lo oògùn ethephon, tó ń di irú gáàsì tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń tú jáde bó bá ń pọ́n. Àwọn olóko rọ́bà mọ̀ ọ́n dáadáa. Bó bá pọ̀jù, igi á wọ́wé. Èmi ò ní kí àgbẹ̀ kékeré sún mọ́ ọn.

Wíwọ̀n rẹ̀ gan-an niṣẹ́. Ẹ mú igi mẹ́wàá tó dọ́gba, ẹ bó márùn-ún, ẹ fi márùn-ún sílẹ̀, ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Kí oje igi kọ̀ọ̀kan ní bébà tirẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ síbi ibòòji títí ìwọ̀n rẹ̀ ò fi ní dínkù mọ́. Mo ti rí ẹni tó fi kílò oje tútù ṣírò èrè, tó wá ń bá oníbàárà jà nígbà tó gbẹ. Bí kóró bá ń jábọ́, láti oṣù Kejì lọ, ẹ wọn ìyẹn náà, ti igi tí ẹ bó àti ti èyí tí ẹ ò fọwọ́ kàn. Bí kóró àwọn tí ẹ bó bá dínkù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Kóró ló ń sanwó ilé ìwé ọmọ lágbègbè wa.

Bàbá pè mí láàárọ̀ àná. Ihò mẹ́ta ló rí nídìí igi náà, ìyẹ̀fun ṣì ń jábọ́. Mo ní kó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ ná, kó wá wáyà tín-ín-rín tó máa tọ ihò náà dé ibi tí ìdin wà.