Kànga agboolé tàbí kẹ́ẹ̀gì omi: ibo ni áàpù Linux yín ti wá?

Màmá kan tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ní àdúgbò wa gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi láìpẹ́ yìí. "Ẹ bá mi wò ó, gbogbo orúkọ àwọn èèyàn wa ni kọ̀ǹpútà yìí tún ń fi ìlà pupa sí nídìí." Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń kọ́ áàpù tó fi ń tẹ̀wé pé Adéṣọlá kì í ṣe àṣìkọ, pé Mọ́remí kì í ṣe àṣìkọ. Lójijì, áàpù gbàgbé. Mo wo àtòjọ áàpù rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ sì hàn: méjì ló wà níbẹ̀, orúkọ kan náà, àwòrán kan náà. Ọmọ rẹ̀ tó wá kí i ló fi èkejì sí i, torí pé ẹ̀dà tuntun ló wù ú. Ti àtijọ́ wá látọ̀dọ̀ Linux Mint fúnra rẹ̀, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà màmá. Tuntun jẹ́ Flatpak, ọ̀nà mìíràn tí áàpù ń gbà wọ Linux. Ohunkóhun kò sọnù. Àwọn ọ̀rọ̀ màmá wà ní yàrá àkọ́kọ́, áàpù kejì ń gbé yàrá tirẹ̀ nínú fódà ~/.var/app, kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń jẹ́ Adéṣọlá.

Irú ìdàrúdàpọ̀ yìí pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo Linux. Ẹ ṣí ibi tí Mint ti ń fúnni ní áàpù, ẹ wá VLC tó ń ṣí fídíò, yóò ní kí ẹ mú ọ̀kan nínú "System Package" àti "Flatpak". Lórí Ubuntu, irú Linux mìíràn, deb àti snap, ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà di áàpù, ni ẹ ó bá pàdé. Ẹ lọ sórí ìkànnì àwọn tó kọ áàpù mìíràn, fáìlì AppImage ni wọn yóò nà sí yín. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé èwo ló dára jù. Èmi náà á bi wọ́n padà: lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí ihò tí olè lè gbà wọlé lára áàpù yìí, ta ni yóò dí i fún yín?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀nà àtijọ́. Debian, irú Linux tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní 1993, ni ìyá Ubuntu. Ubuntu ni ìyá Mint. Láti ìgbà tí Debian 2.1 ti jáde ní 1999 ni apt ti ń sin ìdílé yìí. Nínú àwọn Linux mìíràn, Fedora ní dnf tirẹ̀, Arch ní pacman, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Àwọn olùtọ́jú kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún áàpù sínú àká kan, wọ́n fi òǹtẹ̀ sí i, apt sì ń bá yín gbé e láti ibẹ̀. Áàpù inú àká kì í gbé gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ wá láti ilé. Èyí tó bá fẹ́ ṣí fọ́tò, tàbí tó fẹ́ di ọ̀rọ̀ yín kí olè má rí i kà lójú ọ̀nà, irinṣẹ́ tí àwọn yòókù ń lò ni òun náà ń lò, bí ará agboolé ṣe ń fa omi nínú kànga kan.

Ní oṣù Kẹrin 2014, wọ́n rí ihò kan tí wọ́n sọ ní Heartbleed lára OpenSSL, irinṣẹ́ tí àìmọye áàpù fi ń di ọ̀rọ̀ tó ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún ẹ̀rọ tó ń mu nínú kànga, àtúnṣe kan ṣoṣo ti tó: apt gbé OpenSSL tuntun dé, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn, gbogbo áàpù tó ń lò ó ti bọ́. Ẹ ò ní wá wọn kiri lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ ẹni tó bá ń mu omi kànga, omi tí kànga bá ní ni yóò mu. Nígbà tí GIMP 3.0, áàpù tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, jáde ní oṣù Kẹta 2025, ẹni tó wà lórí Ubuntu 24.04 wá a nínú àká, kò rí i. Ẹ̀dà 2.10 ló wà níbẹ̀. Àwọn olùtọ́jú á máa dí ihò ara rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbé tuntun wá títí Ubuntu mìíràn yóò fi jáde. Ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Ẹ fa GIMP, irinṣẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ẹ fa irinṣẹ́, áàpù mẹ́wàá mìíràn tó ń lò ó á mì. Ẹni tó bá ti kó àká àjèjì mọ́ ti Ubuntu rí, tó sì ti rí "unmet dependencies" (irinṣẹ́ tí áàpù nílò kò pé) lójú tẹ́míná láàárín òru, mọ ohun tí mò ń wí. Ìyà ń jẹ ẹni tó kọ áàpù náà pẹ̀lú: iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó gbọ́dọ̀ tún un dì fún Debian, fún Fedora, fún Arch, àti fún ẹ̀dà oríṣiríṣi ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ìyẹn ló bí kẹ́ẹ̀gì, áàpù tó ń gbé omi tirẹ̀ dání. Ní 2004 ni Simon Peter bẹ̀rẹ̀ klik, èyí tó padà di AppImage: fáìlì kan, gbogbo ohun tí áàpù nílò wà nínú rẹ̀, ẹ fún un láṣẹ láti ṣiṣẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ pa fáìlì náà rẹ́, ó ti kúrò. Canonical, àwọn tó ni Ubuntu, gbé Snap jáde fún gbogbo èèyàn pẹ̀lú Ubuntu 16.04 ní 2016. Ọdún yẹn kan náà ni xdg-app, tí Alexander Larsson ń kọ́ bọ̀, gba orúkọ tuntun, ó di Flatpak. Flatpak kò gbé kẹ́ẹ̀gì pátápátá: àwọn áàpù tó bára mu máa ń jọ lo àkójọ irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní runtime, bí ilé mẹ́ta tó dáwó jọ gbẹ́ kànga kékeré. Ìdí nìyẹn tí áàpù àkọ́kọ́ tí ẹ bá mú lórí Flathub, ọjà àwọn Flatpak, ṣe ń jẹ dátà bí ẹni tébi ń pa, tí èkejì tó ń lo runtime kan náà sì ń wọlé wẹ́rẹ́.

Wàyí o, ẹ wo oṣù Kẹsàn-án 2023. Wọ́n rí ihò burúkú kan lára libwebp, irinṣẹ́ kékeré tó ń ṣí àwòrán WebP, àwọn olè sì ti ń gbà á wọlé kí ìròyìn tó tàn. Àwòrán lásán ti tó. Nínú àká Debian àti Ubuntu, wọ́n tún libwebp ṣe, ó tán fún gbogbo áàpù tó ń mu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Chrome gbé libwebp tirẹ̀ dání, Firefox gbé tirẹ̀, gbogbo áàpù tí wọ́n kọ́ sórí Electron, tó jẹ́ pé odidi bùráúsà ló wà nínú wọn, gbé tiwọn pẹ̀lú. Olúkúlùkù ní láti da omi kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ nù kó tún òmíràn pọn. Google àti Mozilla ṣe tiwọn kíá. Àwọn yòókù, ó dọwọ́ ẹni tó kọ wọ́n. Ẹni tó sì ní AppImage nínú Downloads láti ọdún tó kọjá, àfi tí ẹni tó kọ ọ́ bá ti fi ètò ìmúdójúìwọ̀n sínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wá kan ilẹ̀kùn láti sọ fún un pé omi rẹ̀ ti bàjẹ́. Flatpak wà láàárín: bí irinṣẹ́ náà bá wà nínú runtime, títún runtime ṣe ti tó. Runtime náà a sì máa gbó. Bí ẹ bá tẹ flatpak update tí ẹ rí "end-of-life", ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń tọ́jú kànga kékeré yẹn ti relé.

Ibi tí kẹ́ẹ̀gì ti borí ni odi. Áàpù tó wá láti àká lè ka gbogbo ohun tó wà nínú fódà yín. Èyí tó burú jù ni deb tí ẹ dáńlóòdù níta: bí ẹ bá ti tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Flatpak máa ń mọ odi yí áàpù ká. Ẹ̀yin lẹ ó mú fáìlì, fáìlì yẹn nìkan ni yóò rí. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ní áàpù òun kò rí fíláàṣì, kì í sábà jẹ́ pé fíláàṣì bàjẹ́; odi ló ṣe iṣẹ́ rẹ̀, áàpù kan tó ń jẹ́ Flatseal lẹ ó sì fi ṣílẹ̀kùn fún un. Àmọ́ ọ̀pọ̀ áàpù orí Flathub ló ti gba àṣẹ gbogbo fódà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ tẹ flatpak info --show-permissions pẹ̀lú orúkọ áàpù náà. Bí ẹ bá rí home tàbí host níwájú filesystems, odi wà, géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Snap náà ní odi, àyàfi irú èyí tí wọ́n ń pè ní classic. AppImage kò ní rárá.

Odi kò sì sọ ẹni tó wà nínú ilé di ọmọlúàbí. Ní oṣù Karùn-ún 2018, eré kan tó ń jẹ́ 2048buntu wà lórí Snap Store, tó ń fi ẹ̀rọ oníẹ̀rọ wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìkọ̀kọ̀. Ní 2023, àpamọ́wọ́ ayédèrú tó ń jí owó crypto wọlé síbẹ̀, tí Canonical fi ní láti máa fi ojú èèyàn yẹ orúkọ tuntun wò. Kí ẹ tó mú áàpù, ẹ wo orúkọ ẹni tó gbé e síbẹ̀ àti àmì "Verified". Ẹ má rò pé kànga kò ṣeé fi májèlé sí o. Ní oṣù Kẹta 2024, Andres Freund ṣàkíyèsí pé ssh, irinṣẹ́ tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn, ń fà, ó tọpa rẹ̀, ó bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 ti xz, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀. Ó ti wọ Debian tí wọ́n ṣì ń dán wò; kò tíì dé Debian stable, èyí tí wọ́n ti dán wò tán. Ìlọ́ra tí a máa ń bú yẹn ló yọ wọ́n lọ́jọ́ náà.

Fún àwa tí a ń ra dátà ní gígà, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ ni Snap máa ń yọjú wò bóyá ohun tuntun dé, á sì gbé e wálẹ̀ láìbéèrè. Níbi ètò Wi-Fi, ẹ fi àmì sí "Metered connection" fún fóònù tí ẹ ń gba íntánẹ́ẹ̀tì lára rẹ̀, kí ẹ sì tẹ sudo snap set system refresh.metered=hold. Tí ẹ bá dé ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣe tirẹ̀. Fún àyè, flatpak uninstall --unused máa ń gbá runtime tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ dànù. Bí AppImage kò bá ṣí lórí Ubuntu 22.04, libfuse2 ló ń wá, lórí 24.04, orúkọ rẹ̀ ni libfuse2t64. Ẹ má fi "fuse" lásán sí i, ó lè yọ ohun mìíràn tí ẹ̀rọ yín nílò dànù.

Lórí ẹ̀rọ tí mo bá tò, ohun tó jẹ mọ́ ìtẹ̀wé, lẹ́tà, àti bọ́tìnnì Yorùbá tó wà lábẹ́ Nàìjíríà nínú ètò kíbọọ̀dù, inú àká ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Firefox, Mozilla fúnra rẹ̀ ló ń gbé e sórí Snap àti Flathub, ó sì ní àká apt tirẹ̀ láti 2024; ẹ mú ọ̀kan, ọ̀kan ṣoṣo. Áàpù fọ́tò àti fídíò tó ń yára yí padà, mo máa ń mú un lórí Flathub. AppImage wà fún ohun tí mo fẹ́ tọ́ wò, tàbí èyí tí mo fẹ́ gbé sórí fíláàṣì lọ síbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. N kò fi ọ̀rọ̀ owó kàn án láé.

Ti màmá, ẹ̀dà tuntun ni mo yọ. Kò sí ohun tó ń fi í ṣe tí ti àtijọ́ kò lè ṣe. Kó tó gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀, ó tẹ orúkọ alága wọn láti dán an wò, ó tẹ ti akápò, ó tẹ ti ara rẹ̀. Ìlà pupa kò yọjú.