Bí Sítáǹdì Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Kékeré Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú

Lójú òpópónà tó ti Ìkòròdú lọ sí Ṣágámù, àti ní apá Àgíríkì àti Ògólóńtò tí ọ̀nà Èkó gbà wọ ìlú, sítáǹdì ọkọ̀ tòkunbọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wá tì. Ọkọ̀ mẹ́wàá tàbí méjìlá ló sábà máa ń wà ní sítáǹdì kékeré, tí wọ́n tò ní ìlà méjì, tí wọ́n kọjú sí títì, tí wọ́n sì fọ̀ títí tí ara wọn fi ń dán. Ẹni tó ń kọjá lọ lè rò pé olówó ńlá ló jókòó sábẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́yìn wọn. Bẹ́ẹ̀, onísítáǹdì lè má ni ju méjì tàbí mẹ́ta lọ nínú gbogbo ọkọ̀ náà. Àwọn tó kù jẹ́ ti àwọn tó kó wọn wọlé láti òkè òkun, ti oníṣòwò mìíràn tí ààyè kò gba ọjà rẹ̀ mọ́, tàbí ti ará àdúgbò kan tó fẹ́ ta èyí tó ń gùn. Ọjà olọ́jà ni wọ́n ń tà, ó sì ṣòro kí èèyàn tó lóye ohunkóhun nínú òwò yìí bí kò bá kọ́kọ́ mọ èyí.

Olówó ọkọ̀ ló máa dá iye tó fẹ́ gbà. Ohun tó bá lé lórí rẹ̀ jẹ́ ti onísítáǹdì. Ká ní olówó Corolla kan sọ pé náírà 6,000,000 gbọ́dọ̀ pé lọ́wọ́ òun. Onísítáǹdì lè pè é ní 6,500,000, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tó bá wá rà á kò ní ṣàì ná an, ó sì lè jẹ́ 6,300,000 ni wọ́n máa fẹnu kò sí. Bí alágbàtà bá ló mú oníbàárà wá, òun náà yóò ti gbé tirẹ̀ lé e kí wọ́n tó wọ ọgbà. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ kan ṣoṣo fi lè ní iye mẹ́ta lórí fóònù mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, pàápàá nígbà tí olówó rẹ̀ bá ti fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó mọ̀ lórí WhatsApp. Àwọn tó wà nínú iṣẹ́ náà kò ka èyí sí jìbìtì, kì í sì í ṣe jìbìtì lóòótọ́. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí èèyàn mẹ́rin bá ń wá oúnjẹ lórí ọkọ̀ kan: iye rẹ̀ á ga ju ti ọjà lọ, àwọn oníbàárà á wò ó, wọ́n á sì kọjá, títí olówó ọkọ̀ fi máa bínú wá gbé e lọ sí sítáǹdì mìíràn.

Kì í ṣe pé àwọn onísítáǹdì kò fẹ́ fi owó ara wọn ra ọjà. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ọkọ̀ lókè òkun, iye dọ́là náà ni wọ́n sì fi ń ṣírò owó kọ́sítọ́ọ̀mù tí wọ́n máa san ní èbúté. Láti oṣù Òkudù ọdún 2023 tí Báǹkì Àpapọ̀ ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà sí dọ́là, owó méjèèjì yìí ti jọ gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ti le fún olówó kékeré láti dá ọkọ̀ gbé wọlé kí ó tún ní owó tó kù lọ́wọ́ fún owó ilẹ̀ àti owó àwọn ọmọ iṣẹ́. Ẹni tó bá kó gbogbo owó rẹ̀ sórí ọkọ̀ kan tí kò tètè tà kò ní ohun tí yóò fi ra òmíràn, nígbà tí ẹni tó ń ta ọjà olọ́jà lè dúró de oníbàárà láìsí gbèsè lọ́rùn.

Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń dé Ìkòròdú jẹ́ èyí tí wọ́n rà ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Copart àti IAAI, tí ọkọ̀ ojú omi sì gbé wá sí èbúté Tin Can tàbí Àpápá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gbàǹjo ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti san owó wọn fún olówó wọn nítorí ìjàǹbá tàbí ìkún omi, kí wọ́n tó tà wọ́n bí wọ́n ṣe wà. Ọ̀nà kejì ni Kútọnu, tí ọkọ̀ ń gbà wọlé láti ẹnubodè Sẹmẹ gba Àgbádárìgì. Ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2017, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wà nínú òwò yìí tó máa sọ pé ọ̀nà náà ti dí pátápátá. Ọkọ̀ fàyàwọ́ a máa dínwó, òun náà ló sì lè ti sítáǹdì pa. Ní ọdún 2019, àwọn aṣọ́bodè ti àwọn sítáǹdì kan pa ní Èkó láti yẹ ìwé ọkọ̀ wò, ẹni tí ọkọ̀ kò sì í ṣe tirẹ̀ náà wà lára àwọn tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì.

Nítorí náà, ìwé ni onísítáǹdì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́. Nọ́ńbà ṣáàsì, tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, wà lára dáṣíbọọ̀dù lábẹ́ gíláàsì iwájú, ó wà lára òpó ìlẹ̀kùn awakọ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì tún máa ń tẹ̀ ẹ́ sára irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bára mu, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bá ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu, torí pé láti ọdún 2022 ni àwọn aṣọ́bodè ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà yìí pinnu iye tí wọ́n máa dá lé ọkọ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, Japan ni wọ́n ti ṣe é. 1, 4 àti 5 jẹ́ ti Amẹ́ríkà, 2 sì jẹ́ ti Kánádà. Lẹ́tà kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀ náà: A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, bẹ́ẹ̀ ló sì ń lọ, àfi pé wọn kì í lo I, O àti Q rárá. Nínú gbogbo ohun tí oníbàárà lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀, èyí ló rọrùn jù, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ń ra ọkọ̀ 2012 ní iye 2014 nítorí pé wọn kò tẹrí wo abẹ́ gíláàsì.

Lẹ́yìn ìwé ni ara ọkọ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù fún mẹkáníìkì láti wò ó, kí ẹnikẹ́ni tó tan án, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná a máa fi ọ̀pọ̀ àìsàn pamọ́. Bí wọ́n bá tan án tí èéfín búlúù jáde, ọ́ìlì ló ń jó. Bí funfun bá ń rú tí kò dáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kí omi ráàdíétọ̀ máa wọ inú ẹ́ńjìnnì, ìdérí ọ́ìlì tí wọ́n bá sì ṣí tó dà bíi pé ẹ̀kọ lẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀ yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Mẹkáníìkì á wá fi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n fi aṣọ wé rìn yí ara ọkọ̀ ká: ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ irin, ohun tí páńẹ́ẹ̀lì bítà fi dí ojú ibi tó wọnú ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tí omi bò ní í le jù láti mọ̀, nítorí wọ́n á ti fọ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì ti da lọ́fínńdà sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí, tí ó rí ìlà ẹrẹ̀ lára rẹ̀, kò tún nílò ẹlẹ́rìí. Ní ti iná ẹ́ńjìnnì tó máa ń tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, ẹ̀rọ sìkánà lè pa á láàárín ìṣẹ́jú kan láìtún ohunkóhun ṣe, yóò sì padà tàn nígbà tí ọkọ̀ bá ti rin ọ̀nà tó jìn díẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní títún ọkọ̀ ṣe. Irọ́ tí wọ́n fi iná pa ni.

Àríyànjiyàn máa ń wà lórí owó àtúnṣe. Rewáyà, pẹ́ńtà, ẹni tó ń ṣe ẹ́ẹ̀sì àti ẹni tó ń ta táyà á gba owó wọn lọ́jọ́ kan náà, ọkọ̀ náà sì lè má tà fún oṣù mẹ́ta. Bí wọn kò bá ti sọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ pé ọwọ́ ta ni owó náà yóò ti jáde, olówó ọkọ̀ á ní òun kò rán ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ ọ̀dà, onísítáǹdì á sì ní ọkọ̀ náà kò lè tà bó ṣe wà.

Ọkọ̀ tó dúró sójú kan tún ń jẹ owó. Eruku títì Ṣágámù kì í jẹ́ kí fífọ̀ ọkọ̀ di ohun ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àràárọ̀ ni. Ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa tan ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lóòrèkóòrè kí bátìrì má baà kú, ó sì gbọ́dọ̀ máa wò bóyá eku ti gé wáyà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Díẹ̀ ni epo tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ nínú táǹkì, nítorí àwọn tó ń fà á ní òru. Owó ilẹ̀ ọdún kan tàbí méjì tí wọ́n máa ń san lẹ́ẹ̀kan, owó mẹ́gáàdì, owó pátákó tí LASAA, àjọ tó ń rí sí pátákó ìpolówó ní Èkó, ń gbà àti ti ìjọba ìbílẹ̀ kì í dúró de ìgbà tí ọjà bá tà.

Ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ Sátidé ni àwọn oníbàárà máa ń pọ̀. Oníbàárà á yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, á ní, “Alhaji, èló lẹ máa gbà gan-an?” Alhaji kì í dáhùn ìbéèrè yẹn lójú ẹsẹ̀: “Ẹ kọ́kọ́ wà á wò ná.” Ọmọ iṣẹ́ á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wà á, wọ́n á sì gba ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, torí kòtò ló ń jẹ́ kí èèyàn gbọ́ bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń dún. Ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ jù ni mẹkáníìkì tí oníbàárà mú wá. Oníbàárà ló sanwó fún un, ṣùgbọ́n ó tún ń retí nǹkan lọ́wọ́ onísítáǹdì, bí kò bá sì rí i, ẹ́ńjìnnì tó dára lè di èyí tó “ń dún díẹ̀.” Ọ̀pọ̀ onísítáǹdì ti fi owó mẹkáníìkì sínú iye tí wọ́n ń pè. Oníbàárà ló wá ń san án lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di owó, báǹkì ni wọ́n ń gbà. Òfin tó de fífọ owó èrú mọ́, ti ọdún 2022, kò gbà kí ẹnì kan san owó lọ́wọ́ tó ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, tàbí kí ilé-iṣẹ́ san ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ó sì ka àwọn tó ń ta ọkọ̀ mọ́ àwọn oníṣòwò tó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífọ owó mọ́, tó wà lábẹ́ EFCC. Àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì lórí fóònù kò tó láti fi gbé ọkọ̀ jáde, nítorí àwọn gbájúẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Onísítáǹdì á fúnra rẹ̀ ṣí àkáǹtì rẹ̀ wò, bí ó tilẹ̀ máa gbà á ní wákàtí méjì, kí ó tó kọ rìsíìtì. Ìforúkọsílẹ̀ ló kù: nọ́ńbà tó ní KRD fún ẹni tó bá gbà á ní Ìkòròdú, ìwé ẹ̀rí ìní, àti ìwé adójútòfò ẹni kẹta, tó ti di náírà 15,000 láti ọdún 2023 fún ọkọ̀ àdáni.

“Bí ẹ ṣe rí i lẹ rà á” ló wà nínú ọ̀pọ̀ rìsíìtì. Síbẹ̀, bí gíà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, oníbàárà á padà wá, kò sì ní wá òun nìkan. Onísítáǹdì tó ní ojú ọjà láti tọ́jú á ní kí mẹkáníìkì tòun wò ó, á sì pe olówó ọkọ̀ kí wọ́n jọ pín owó àtúnṣe. Èyí ṣeé ṣe bí olówó ọkọ̀ bá ti gba owó tirẹ̀ pé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ tà. Onísítáǹdì tó bá fi owó ọkọ̀ ẹlòmíràn san owó ilẹ̀, pẹ̀lú èrò pé ọjà tó ń bọ̀ yóò dí i, ni wọ́n máa ń wá kó ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, títí tí kò fi ní ku nǹkan kan nínú ọgbà ju méjì tó jẹ́ tirẹ̀ lọ.