Òtútù kọ́ ló ń dún láyà ọmọ yẹn o

Ìyá àgbà tó ń bá wa wẹ ọmọ àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́, pé omi fíríìjì tí ìyá ẹ̀ ń mu nígbà tó lóyún ló kó òtútù sọ́mọ láyà. Ọmọ ọ̀hún ò tíì pé oṣù kan, tó bá ń mí ẹ máa gbọ́ ọ látẹnu ọ̀nà pálọ̀, hììn, hììn, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Wọ́n fòrí pa á láyà, wọ́n fẹnu fa imú ẹ̀, wọ́n tún da àdí sí i lọ́nà ọ̀fun, àbúrò mi sì ń sunkún pé òun lòun fi omi tútù ba ọmọ òun jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, omi tí aboyún mu, inú ikùn tiẹ̀ ló lọ, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó débì kankan, kò sí pàìpù tó gbé e lọ sáyà ọmọ. Èmi náà gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀ o, mi ò ní parọ́.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló wé mọ́ pàìpù tí ọmọ yẹn fi ń mí. Iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn, tí dókítà ń pè ní aorta, tó bá jáde á kọ́kọ́ gòkè, á wá tẹ̀ kọ́rọ́ bí ọwọ́ agboòrùn, á gba apá òsì sọ̀kalẹ̀, ibi tó ti tẹ̀ yẹn náà làwọn ẹ̀ka tó ń lọ sórí àti apá ti ń yà. Nígbà tọ́mọ ṣì ń di ọmọ nínú oyún, ibi tó tẹ̀ yẹn, méjì ló máa ń wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tọ̀tún á wá gbẹ dànù. Tí tọ̀tún bá kọ̀ tí ò lọ, àwọn méjèèjì á lọ pàdé lẹ́yìn, pàìpù tá a fi ń mí àti èyí tí oúnjẹ ń gbà á wá há sáàárín wọn bí ìka tó há sínú òrùka. Gbogbo ẹ̀ ti máa ń parí kí oyún tó ju nǹkan bí oṣù 2 lọ, ìgbà yẹn sì rèé, ọ̀pọ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣírò pé nǹkan oṣù òun ò wá ni, ṣé omi fíríìjì oṣù keje ló wá pa dà sẹ́yìn lọ yí iṣan po ni?

Ọ̀rọ̀ asthma náà tún wà ńbẹ̀. Wọ́n fún ọmọ yìí ní oògùn asthma títí, kò gbọ́. Ariwo asthma, ìgbà téèmí bá ń jáde lẹ máa ń gbọ́ ọ jù, tiẹ̀ yìí ìgbà tó bá ń fà á wọlé ni, àtìgbà tí wọ́n ti bí i, kódà tí ò ní kátáà rárá, tó bá ń sunkún tàbí tó ń mu ọmú ló máa ń le sí i. Àbúrò mi á gbé orí ẹ̀ sọ́wọ́ kó lè rí ọmú mu dáadáa, òun á tún ti orí sẹ́yìn, wọ́n ní olórí kunkun ni, àṣé ibẹ̀ ló ti ń rí èémí mí. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ ògì, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í há a.

Mi ò ní kẹ́ ẹ sáré o. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń dún báyìí, ẹran tó wà lókè gògóńgò wọn ni ò tíì le, púpọ̀ nínú wọn á sì jáwọ́ kí wọ́n tó pé ọdún 2. Irú iṣan míì tún wà, èyí tó ń lọ sápá ọ̀tún tó gba ẹ̀yìn ọ̀nà oúnjẹ kọjá, ó wà lára nǹkan bí ẹni 1 nínú 100, ọ̀pọ̀ wọn á dàgbà dàrúgbó láìmọ̀. Ṣùgbọ́n tí ahọ́n tàbí ẹran eyín ọmọ bá ń dúdú, tí egungun ìhà ń wọnú, tàbí téèmí ń dá dúró, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Àdí yẹn ńkọ́? Ẹ má dà á o, ọmọ tó ń há lọ́fun, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ.

Dókítà kan ló wá ní ká fún un ní barium mu, ó funfun bí ẹfun, wọ́n sì ń fi x-ray wò ó bó ṣe ń gbé e mì. Ojú wa ló ṣe, ibi tó yẹ kó lọ gbọọrọ, ó ki wọnú lọ́tùn-ún lósì bí ẹni fìka méjì fún un. Wọ́n tún ya CT, ìyẹn x-ray tí kọ̀ǹpútà fi ń to àwòrán inú ara, kó lè dájú. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi tú u. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Robert Gross, ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1945, wọ́n á gé èyí tó kéré nínú méjèèjì, tòsì ni lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó kù á máa gbé ẹ̀jẹ̀ lọ, wọn kì í sì í sábà ṣí ọkàn rárá.

Ohun tí wọn ò sọ fún wa dáadáa ni pé ariwo ọ̀hún ò ní lọ lọ́jọ́ kan, torí pàìpù tí wọ́n ti fún mọ́lẹ̀ látinú oyún máa ń rọ̀, ó lè tó oṣù mélòó kan kó tó le. Bá a ṣe gbé ọmọ délé tó ṣì ń dún díẹ̀díẹ̀, ìyá àgbà gbétí sí i láyà, ó wò wá, ó ní, "Ẹ ò rí i? Mo sọ fún yín pé òtútù yẹn ò tíì tán."